Z ló ń rìn, c la ń kùn: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ya àwòrán Mandelbrot

Ẹ wo nǹkan dúdú tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi yìí. Ó jọ kòkòrò tó dùbúlẹ̀, àbí? Ìṣirò bíńtín ló bí i: z lọ́nà z, fi c kún un. Èsì tó bá jáde ni z tuntun. Tún un ṣe. Ó parí! Nọ́ńbà ni z àti c, apá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní: apá kan ń sọ bó ṣe lọ sí ọ̀tún tàbí òsì lójú àwòrán, èkejì ń sọ bó ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Mi ò ní dúró síbẹ̀.

Julia àti Fatou, onímọ̀ ìṣirò méjì, ti ṣiṣẹ́ lórí irú ìṣirò yìí nílẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 1918, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà tí wọn ì bá fi wò ó. Benoit Mandelbrot, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwòrán náà, ló fi kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ IBM yà á ní 1980. Èmi náà, ojú pátákó ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀. Mo dà á kọ, kò yé mi rárá.

Ó dáa, ẹ mú c = 1. Òdo ni z ti ń gbéra. 0, 1, 2, 5, 26, 677… Háà, ó ti sá lọ! Ẹ wá mú c = −1: 0, −1, 0, −1, 0. Kò ríbi lọ.

Ewúrẹ́ ni mo máa ń fi wé e. Ọ̀kan já okùn, èkejì ń yí èèkàn po títí ilẹ̀ fi ṣú. (Ti ìyá ìyá mi já lọ́jọ́ kan, orí èlùbọ́ tí aládùúgbò sá la ti bá a. Ariwo ọjọ́ yẹn!)

Ibi tí ẹ máa ń ṣì í rè é o. Ẹ ó máa ya ẹsẹ̀ z kiri, ẹ ó wá bi mí pé kòkòrò dà. Rárá! Z LÓ Ń RÌN, C LA Ń KÙN. Mo tún un sọ: c la ń kùn! Àmì kékeré kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, c kan ni. Èèkàn ni, kì í kúrò lójú kan. Kọ̀ǹpútà á ti z gbéra láti òdo. Bó bá ti jìnnà sí òdo ju 2 lọ, ó ti já nìyẹn, kò ní padà mọ́. Iye ìṣísẹ̀ tó gbé kó tó já ló ń sọ àwọ̀ tí a máa fi kun àmì náà. Èyí tí kò já, dúdú. Ó bọ́ sórí àmì tó kàn, z tún padà sí òdo. Òdo o!

Ẹ jẹ́ ká wo ìrù tín-ín-rín tó wà lápá òsì, níbi c = −1.7549. Mo ń fẹ̀ ẹ́… mo ń fẹ̀ ẹ́… ẹ ò rí i? Kòkòrò yẹn náà tún rè é, kékeré! Ẹ ṣe é wò: 0, −1.75, 1.32, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí òdo. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Okùn tiẹ̀ kàn gùn ju ti −1 lọ ni.