Ohun Gbogbo Ló Ní Ọ̀pá Àbínibí Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ nìyí, nípa ìlà mẹ́ta inú ohun líle kọ̀ọ̀kan tó ń pinnu bí ohun náà ṣe máa yí. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ kúrò, ṣùgbọ́n mi ò yọ ìbéèrè tó já lu ọ̀rọ̀ mi láàárín, torí òun gan-an ló dùn mọ́ mi jù lọ́jọ́ náà.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ṣeun tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá.

Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí, mo ti fi rọ́bà dì í kó má baà ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá jù ú sókè. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo gbé e lélẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ bí àwo, mo sì jẹ́ kó pòòyì bí àwo. Ó lọ, ó bọ̀, kò gbọ̀n rárá. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo yí i ká gígùn rẹ̀, bí ẹni ń yí àgbàdo lórí iná. Ó tún yí jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé: àkọlé kọjú sí òkè, mo di ìdí rẹ̀ mú, mo sì jẹ́ kó ta òkìtì kan, orí lọ sílẹ̀, ìdí lọ sókè. Mo hán an. Ẹ wo ọwọ́ mi. Àkọlé ti lọ sábẹ́! Mo ní kó ta òkìtì, n kò ní kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Mo pe ọmọbìnrin kan wá síwájú, ó jù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ń gbìyànjú gidigidi kí ìwé má yí ẹ̀gbẹ́ padà, àmọ́ ìwé kò gbà fún un. Ó ní, "Sà, ọwọ́ mi ni kò dúró." Mo ní rárá, ìyá mi, ọwọ́ rẹ kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹyọ oníínṣì 6 tí kò ní ihò. Gígùn rẹ̀ 18, gíga rẹ̀ 9, nínípọn rẹ̀ 6. Tí ẹ bá fẹ́ yí ohun kan, ó máa ń ṣagídí, bí ẹrù rẹ̀ bá sì ṣe jìnnà tó sí ojú ìlà tí ẹ fẹ́ yí i lé lórí ni agídí náà ṣe ń le tó. Tí ẹ bá yí búlọ́ọ̀kù yìí ká gígùn rẹ̀, ìwọ̀n méjì tó kù lẹ ó wò: 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, àpapọ̀ rẹ̀ 117. Tí ẹ bá yí i ká gíga rẹ̀, 324 àti 36 á fún yín ní 360. Ká nínípọn rẹ̀, 324 àti 81 á jẹ́ 405. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fọ́múlà mọ̀ pé a ṣì máa fi ìwúwo búlọ́ọ̀kù sọ ọ́ di púpọ̀, ká wá fi 12 pín in, ṣùgbọ́n bákan náà nìyẹn rí fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

117, 360, 405. Èyí tó kéré jù ń gbọ́ràn. Èyí tó pọ̀ jù ń gbọ́ràn. Ti àárín ni kì í gbọ́ràn, òun náà sì ni ìwé mi ń yí lé lórí nígbà tó ń ta òkìtì. Ní 1985, Vladimir Dzhanibekov, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Soviet, rí i nínú ọkọ̀ òfuurufú Salyut 7: nọ́ọ̀tì kan tó ní ìyẹ́ méjì bọ́ lára ìdè rẹ̀, ó ń fò lọ, ó ń pòòyì, ó kàn ṣàdédé dorí kodò, ó tún padà, ó tún dorí kodò. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá iṣẹ́ Louis Poinsot pàdé, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tó ṣàlàyé bí ohun líle ṣe ń yí, mọ ìdí rẹ̀, n kò ní tún un tú níbí.

Àwọn ìlà mẹ́ta wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní principal axes. Èmi ń pè wọ́n ní ọ̀pá àbínibí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi "àbínibí" sí i ni. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló fi ọ̀pá yìí sínú ohun náà. Àtìgbà tí ohun ti wà ló ti ní in.

Ẹ lè ní, ìwé àti búlọ́ọ̀kù nígun dáadáa, kò lè ṣòro láti rí ọ̀pá wọn. Ó dáa, ẹ mú iṣu wá. Kí ẹ mú èyí tó rí págunpàgun, tó tún yọ ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní mẹ́ta tirẹ̀. Ẹ ṣa òkúta lójú títì, ó ní mẹ́ta tirẹ̀, gbogbo wọn á pàdé níbi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì dá igun 90 pẹ̀lú èkejì. Johann Andreas Segner, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Halle ní Jámánì, ló fi èyí hàn ní 1755. Leonhard Euler gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi kọ́ odidi ìmọ̀ nípa bí ohun líle ṣe ń rìn, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1765. Títí dòní, nígbà tí mo bá mú òkúta lọ́wọ́, tí mo bá rántí pé mẹ́ta gérégé wà nínú rẹ̀ tí ojú ò rí, ara mi máa ń ta gìrì.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí ìṣirò lè rọrùn la ṣe ń wá ọ̀pá wọ̀nyí. Mi ò gbà fún wọn, mi ò sì ní gbà láé. Ìwé tí mo jù sókè yẹn kò ka ìṣirò kankan kó tó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ọwọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ọ. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń yanjú matrix, ìyẹn nọ́ńbà tí a tò bí àtẹ, lójú pátákó, kò sẹ́ni tó ju ṣọ́ọ̀kì pàápàá sókè. Mo yege ìdánwò náà, mi ò sì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo ń wo ọmọdé tó ń ta òkòtó níwájú ilé wa. Ó lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ta á, òkòtó náà sì ń mì bí ọ̀mùtí. Ó gé amọ̀ kékeré míì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òdìkejì, ó dúró ṣánṣán. Ìgbà yẹn ni gbogbo matrix ọjọ́ kìíní wá yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9, tí gíga àti nínípọn rẹ̀ dọ́gba, agídí rẹ̀ méjì bára dọ́gba. Dáìsì lúdò ńkọ́? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ẹ gún abẹ́rẹ́ láti igun kan kọjá àárín dé igun kejì, agídí kan náà lẹ ó bá. Lójú ìyípo, bọ́ọ̀lù ni dáìsì.

Ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sórí Explorer 1, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan, nìyẹn, tí bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn dìde. Fọkanáísà ni wọ́n.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ báláǹsì tí mo ń lò, á ní kí n lẹ òjé mọ́ inú ríìmù, á tún ní kí n lẹ òmíì mọ́ ìta. Tí mo bá wá kó gbogbo ẹ̀ sí ìta nìkan, ìwọ̀n kan náà ni mo lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ló dé tí sítíárìn ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ oníbàárà?"

Mo pa ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí dé. Ìbéèrè yìí ju ohun tí mo kọ síbẹ̀ lọ.

Ẹ fojú inú wo táyà yìí, bàbá. Ibì kan wúwo lókè, ní ẹ̀gbẹ́ inú. Ibòmíràn wúwo bákan náà nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Ẹ gbé e kọ́, kí ẹ fọwọ́ lé e: kò ní yí lọ síbì kankan, torí òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá wò ó á ní iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá àbínibí rẹ̀ ti dagun, kò bá ojú họ́ọ̀bù lọ mọ́. Bí ó bá ti ń sáré, ọ̀kan á máa fa inú họ́ọ̀bù sókè, èkejì á máa fa ìta rẹ̀ sísàlẹ̀. Tó bá yí ìdajì, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Gbígbọ̀n tí oníbàárà yín ń gbọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Òjé tí ẹ kó sí ìta nìkan lè dá ìwúwo rẹ̀ padà sáàárín, kò lè dá ọ̀pá àbínibí rẹ̀ padà sójú họ́ọ̀bù. Inú àti ìta ló máa ṣe é.

Wọ́n ní, "Òjé tó kéré báyìí?"

A jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú pátákó. Táyà tí àyíká rẹ̀ tó mítà 2, lórí eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, á yí nǹkan bí ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí gíráàmù 30 bá wà níbi tí kò yẹ kó wà, ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín, ipá tó fi ń fa họ́ọ̀bù á lé ní ti ẹrù kílò 4 àtààbọ̀. Gíráàmù 30! Bàbá náà ń wo pátákó, wọ́n ní, "Àṣé kì í ṣe ìwúwo nìkan ni mo ti ń tún ṣe látọjọ́ yìí." Mo ní, bàbá, ohun tí Segner wá ní 1755 lẹ fi ń jẹun.

Ìbéèrè yẹn jẹ púpọ̀ nínú àkókò mi, n kò sì kábàámọ̀. Èyí tó kù rèé ní ṣókí.

Ẹ̀yin ajórin, ẹ gbọ́ tiyín. Áńgù áyọ́ọ̀nù tí apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tí ẹ bá gé e, ọ̀pá àbínibí ojú ibi tí ẹ gé kò tẹ̀lé apá kankan, ó dagun láàárín wọn ni. Ẹ gbé e lé bíríkì méjì, apá kan ní ìbú, apá kan lóòró, kí ẹ gun àárín rẹ̀: kò ní tẹ̀ sísàlẹ̀ nìkan, á tún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá gbé e nàró bí òpó, tí ẹrù pọ̀ jù fún un, ọ̀nà igun tàbí ọ̀nà ẹnu rẹ̀ ló máa tẹ̀ sí. Ẹ má wá fi tẹ́ẹ̀pù wọn apá rẹ̀ kan, kí ẹ ní ẹ ti mọ agbára rẹ̀.

Explorer 1: Amẹ́ríkà fi í ránṣẹ́ sí òfuurufú ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1958. Ó gùn tó mítà 2, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó máa pòòyì ká gígùn rẹ̀ bí àgbàdo tí a ń sun. Kò pẹ́ tó fi dagun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìtì. Ṣé ẹ rántí pé mo ní èyí tó kéré jù ń gbọ́ràn? Ó ń gbọ́ràn bí ohun náà bá le délẹ̀délẹ̀. Explorer 1 ní eríà mẹ́rin tó rọ̀ lára, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń nà. Ẹ tẹ wáyà sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó rí i pé á gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ṣe ń jò lọ, nígbà tí ìyípo rẹ̀ kò rí ibi bọ́ sí. Ohun tí agbára rẹ̀ bá ń dín kù lọ́nà yìí, èyí tó ṣagídí jù nínú ọ̀pá mẹ́ta rẹ̀ ló máa yà sí.

Ilé ayé gan-an nìkan ló kù. Ìlà tó ń yí lé lórí kò bá ọ̀pá àbínibí rẹ̀ mu pátápátá, mítà díẹ̀ ló fi yà á níbi òpin àríwá. Euler ti ṣírò pé tí ayé bá le bí òkúta, ọjọ́ 305 ni ìlà náà máa fi rìn yí ọ̀pá náà ká. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ wá a títí, wọn ò rí i, àfìgbà tí Seth Chandler ará Amẹ́ríkà rí i ní 1891. Nǹkan bí ọjọ́ 433 ni. Ọjọ́ 128 tó lé yẹn wá látàrí pé ayé kò le tán: ó ń tẹ̀, omi òkun rẹ̀ ń ṣún, bíi ti eríà mẹ́rin yẹn.