Owó Oṣù àti Ohùn Òṣìṣẹ́ Ìjọba

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá sí Àjàṣẹ́ lónìí: ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì tí ó fi jà títí owó náà fi jáde ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn tó ti hu ewú láàárín yín rántí ọdún 1989. Àwọn báńkì ìjọba ti dojú dé, àpò ìjọba gbẹ, oṣù sì ń gorí oṣù tí olùkọ́ àti akọ̀wé kò rí nǹkan gbà. Ìjọba Mathieu Kérékou ń wàásù ìlànà àjùmọ̀ní ti Marx àti Lenin, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni ìyà náà jẹ. Ìyá tó ń ta gàrí láwìn fún ìyàwó olùkọ́ ní ọjà Wàndó náà ń ka oṣù, nítorí pé owó oṣù ọkọ ẹlòmíràn ni òwò tirẹ̀ dúró lé. (Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ ìtàn owó oṣù ní ìlú yìí, ìlà ẹfun tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ń fà sára ògiri ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá lọ.) Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé jùmọ̀ takú. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, ìjọba pa ìlànà náà tì. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, àpérò gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè wa jókòó ní Kútọnu, Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, ni ó darí rẹ̀, wọ́n sì fi Nicéphore Soglo ṣe olórí àwọn mínísítà.

Nínú òfin ilẹ̀ wa ti oṣù Kejìlá ọdún 1990, abala 31 sọ pé ìjọba gbà pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti yanṣẹ́ lódì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó òfin ilẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí a gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera; ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ yìí kan náà yí ohùn padà. Òfin ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá wá fi ìwọ̀n sí i: ìyanṣẹ́lódì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ lọ́dún, ọjọ́ 7 láàárín oṣù mẹ́fà, àti ọjọ́ 2 lóṣù.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìjọba kò ní àwíjàre. Ẹni tí aboyún rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí a tì pa mọ ohun tí mo ń sọ, òbí tí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 náà sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì lóṣù kéré jù lójú tèmi, nítorí pé ọ̀gá tí kò bá fẹ́ dáhùn kò ní ju kí ó mú sùúrù di ọjọ́ kẹta lọ.

Òótọ́ ni pé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 40,000 fàráǹkì sẹ́fà, ó di 52,000 ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n láti ọdún ẹ̀kọ́ 2019 sí 2020 ni a ti ń rí olùkọ́ tí a ń pè ní «aspirant», tí ó ń kọ́ ọmọ bíi ti àwọn yòókù, tí ó ń gbé ìwé ìdánwò relé bíi tiwọn, tí àdéhùn rẹ̀ sì ní gbèdéke. Òfin lè ka ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì fún olùkọ́ tí a gbà síṣẹ́ títí di ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó ń retí kí a tún àdéhùn rẹ̀ ṣe kò ní dán ọjọ́ kan ṣoṣo wò. Ní Kétu, mo gbọ́ ọ létí ara mi tí ìyá olóúnjẹ kan bi olùkọ́ kékeré kan pé: «Ọmọ mi, ṣé ti pẹ́ títí ni ọ́ ni, àbí ti àdéhùn?» Ìgbà tí ọmọ náà dáhùn ni ìyá tó mọ̀ bóyá òun yóò tà á láwìn.