Bí a ṣe ń fi jẹ́ẹ̀lì onífàdákà di egbò tó ti ní kòkòrò

Ẹ káàbọ̀. Egbò ojúgun tó ti ń gbọyún là ń tọ́jú lónìí. Jẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ mi yìí, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fàdákà tí wọ́n fi sí i ló ń pa kòkòrò.

Ẹ kọ́kọ́ wo gọ́ọ̀sì àná. Tó bá rin gbingbin, ẹ gbé jẹ́ẹ̀lì tì, ẹ lo fóòmù tó ń fa omi. Bí ẹ bá tún da omi lé omi, awọ ẹ̀gbẹ́ egbò á funfun, á máa bó. Egbò gbígbẹ tí ẹran òkú lẹ̀ mọ́ ni jẹ́ẹ̀lì wà fún. Ìka ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó dúdú, tó gbẹ kankan ńkọ́? Ẹ má rẹ ẹ́ o, dókítà ló ni ìyẹn.

Ẹ fọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Sìríńjì mílílítà 35 àti abẹ́rẹ́ oníwọ̀n 19 (19 gauge) ni kí ẹ fi tu omi iyọ̀ ilé ìwòsàn sí ojú egbò títí omi yóò fi ń mọ́ jáde. Kò sí spírítì níbí, ó ń jó ẹran tuntun. Òwú náà kọ́: fọ́nrán rẹ̀ á há sínú egbò. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọyún fún àyẹ̀wò, àkókò rẹ̀ nìyí, lẹ́yìn ìwẹ̀, kí fàdákà tó débẹ̀.

Iyọ̀ máa ń so mọ́ fàdákà, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn, kí ẹ sì nu awọ àyíká rẹ̀ nìkan gbẹ. Ẹ fi fasilíìnì pa etí egbò.

Ẹ wá tẹ jẹ́ẹ̀lì sí i, kó nípọn tó mìlímítà 5, kí ẹnu ọ̀pá rẹ̀ má kan egbò. Ibi tó ń bàjẹ́ jù nìyí: gọ́ọ̀sì gbígbẹ á mu jẹ́ẹ̀lì tán mọ́jú, pàápàá nígbà ọyẹ́, á lẹ̀ pinpin; tí ẹ bá ṣí i, ẹran tuntun á bá a lọ. Gọ́ọ̀sì tí a rẹ sínú fasilíìnì ni kó kọ́kọ́ bò ó, kí báńdéèjì tó tẹ̀lé e.

Jẹ́ẹ̀lì tí ẹ rà ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀, ẹ má fi sínú mọ́tò dalẹ́. Oòrùn á bà á jẹ́.

Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ eérú tí ẹ bá rí, fàdákà ni, kì í ṣe ìdíbàjẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá pé tí kò yí padà, ẹ dá fàdákà dúró, kí dókítà tún un yẹ̀ wò. Àmọ́ bí pípọ́n bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 2 sí etí egbò, tàbí ibà dé, ẹ má dúró de ọ̀la: jẹ́ẹ̀lì kò lè wo ohun tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀.