Ewéko Tí Yóò Yè Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Kúrò Níbẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ní 1973, obìnrin kan tó ń jẹ́ Liz Christy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ilẹ̀ kan tí wọ́n ti pa tì níbi tí òpópónà Bowery ti pàdé Houston ní New York. Wọ́n palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, wọ́n sì gbin nǹkan síbẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. Nígbà tó di 1974, ìjọba ìlú fi ilẹ̀ náà háyà fún wọn ní dọ́là kan lóṣù. Ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, torí pé àwọn èèyàn ò yéé tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbin òdòdó sí etí títì tàbí sí ìdí òpó iná, a ò ní ráyè máa padà débẹ̀. Torí náà, kí á tó bèèrè èwo ló rẹwà, ẹ jẹ́ ká bèèrè èwo ló lè dá gbé.

Ilẹ̀ ìgboro kì í ṣe ilẹ̀ oko. Ẹsẹ̀ àti táyà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le koko, omi òjò kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Àfọ́kù kọnkéré tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ewéko tó fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan (ilẹ̀ tí ásíìdì wà nínú rẹ̀) rí irin inú ilẹ̀ fà, ewé irú wọn á sì máa pọ́n. Títì ọ̀dà tún ń mú ooru sí i. Ẹ wo ewé kí ẹ tó yan ohunkóhun. Èyí tí ewé rẹ̀ ki, tó ń pa omi mọ́ sínú, bíi sedum àti portulaca, lè fara da ọ̀dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ní irun wẹ́wẹ́, bíi lavender, òdòdó olóòórùn dídùn.

Ẹ má gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gé koríko. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa ló ń parí sẹ́nu ẹ̀rọ wọn. Clover, ewéko kékeré kan tó ń tàn mọ́lẹ̀, kì í ga, bí wọ́n bá gé e á tún hù, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fún ilẹ̀ ní náítírójìn. Ní ìlú olótùútù, crocus, òdòdó kékeré kan, máa ń tanná kí ẹ̀rọ tó jáde rárá, lẹ́yìn náà á fara pa mọ́ sábẹ́ ilẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé: agbára tí à ń wá lára ewéko, òun náà ló lè di ewu. Japanese knotweed, òdòdó ọgbà ni wọ́n kó o lọ sí Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Gbòǹgbò rẹ̀ bíńtín tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á tún hù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fọ́n irúgbìn tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ sí gbangba. Ewéko ìbílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Oyin àti labalábá agbègbè náà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, mo kọ̀ ọ́ ní etí títì ńlá. Títí di 2021 ni wọ́n ṣì ń ta bẹntiróò olójé fún ọkọ̀ láwọn ibì kan láyé, òjé inú rẹ̀ kì í sì í kúrò nínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ́ àti ohun tí à ń wú nínú ilẹ̀ ló léwu jù. Eléso bíi tòmátì sàn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin oúnjẹ dandan, kí ó kó ilẹ̀ tó mọ́ wá sínú àpótí gíga.

Ẹ yẹra fún lárà àti oleander, igi òdòdó kan, níbi tí ọmọdé ń gbà kọjá, májèlé ni wọ́n. Ní oríta, kí ohun tí ẹ bá gbìn má ga kọjá orúnkún, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ìdí ògiri ni kí sunflower wà, torí pé ó máa ń ga.

Ewéko yòówù kí ẹ yàn, ẹ dúró de ìbẹ̀rẹ̀ òjò kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì bomi rin ín láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí pé èyí tó mọ ọ̀dá fara dà jù náà á gbẹ bí gbòǹgbò rẹ̀ ò bá tíì múlẹ̀.