Owó wà o, ta ló máa ra ọjà? Ọ̀rọ̀ lórí àwọn startup chip ilẹ̀ Yúróòpù

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo kọ síbí, torí àwọn kan ò ráyè wá, àwọn míì tó wá sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn lè fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó táwọn olówó ń kó sínú ilé-iṣẹ́ tuntun tí ò tíì pa kọ́bọ̀ wọlé, tí gbogbo ayé ń pè ní venture capital (VC), àti ohun tí owó yẹn ti fojú rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe chip, ìyẹn sílíkọ́nì kékeré tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti fóònù, ní Yúróòpù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ò ju ẹyọ kan lọ: nídìí iṣẹ́ chip, ẹni tó máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹ ṣe pàtàkì ju ẹni tó máa kówó fún ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká gba Cambridge ní Brítéènì wọlé. Ní 1978 Hermann Hauser àti Chris Curry dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Acorn, inú Acorn yìí ni Sophie Wilson àti Steve Furber ti dísáìnì chip tí wọ́n pè ní ARM, àkọ́kọ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 1985, chip tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Ní November 1990 wọ́n yọ iṣẹ́ náà kúrò lára Acorn, wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Acorn kó ẹnjiníà 12 sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ tó wà lórí chip náà, VLSI Technology tó ń bá wọn tẹ chip mú £250,000 wá, Apple mú bíi £1.5 mílíọ̀nù wá. Ó parí. Kò pẹ́ tí wọ́n kó lọ sínú àká ìkórè kan ní abúlé Swaffham Bulbeck, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Báwo ni owó bíńtín yẹn ṣe tó wọn? Ẹ wò ó, Apple tó mówó wá yẹn náà ló fẹ́ ra chip, ó fẹ́ fi sínú Newton, kọ̀ǹpútà àfọwọ́mú tó gbé jáde ní 1993. Newton ò tà, gbogbo wa la mọ̀ bó ṣe parí sí, ṣùgbọ́n kó tó kú, ARM ti ní chip tó ti dọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ti rí àléébù ẹ̀ tí wọ́n ti tún un ṣe. Robin Saxby tó jẹ́ ọ̀gá wọn wá ní àwọn ò ní máa tẹ chip tà o, dísáìnì làwọn á máa tà, kẹ́ni tó bá rà á máa san owó táṣẹ́rẹ́ lórí gbogbo chip tó bá tẹ̀. Texas Instruments gbà á ní 1993, Nokia gba ibẹ̀ wọlé, Nokia 6110 sì gbé ARM dé ibi tí Acorn ò lè dé láéláé. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń ka èyí, dísáìnì ARM ló wà nínú ẹ̀, ó ṣòro kó jẹ́ nǹkan míì.

Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tó dùn mọ́ àwọn aráa Brítéènì nínú. Wọ́n ta ṣíà ARM fún gbogbo ayé ní 1998, ní London àti Nasdaq ti Amẹ́ríkà. SoftBank ti ilẹ̀ Jàpáànù rà á tán ní 2016, £24 bílíọ̀nù. Nvidia, ilé-iṣẹ́ chip ti Amẹ́ríkà, fẹ́ rà á ní 2020 ní $40 bílíọ̀nù, àwọn aláṣẹ ò jẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn fọ́ ní February 2022, nígbà tí ṣíà wá padà sí ọjà ní September 2023, Nasdaq ni wọ́n gbé e lọ, London ò rí i.

Àmọ́ Bristol, ìlú míì ní Brítéènì, gan-an ló ká mi lára jù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ní 1978, ọdún kan náà tí Acorn bẹ̀rẹ̀, ìjọba Brítéènì fowó ara ẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ chip kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Inmos, Bristol làwọn tó ń dísáìnì wà, chip wọn tó gbajúmọ̀ ń jẹ́ transputer, wọ́n ṣe é kí ọ̀pọ̀ chip lè jọ pín iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì ronú débẹ̀ rárá. Ìjọba tà á fún Thorn EMI ní 1984, Thorn EMI tà á fún SGS-Thomson ní 1989. Ilé-iṣẹ́ lọ, àwọn èèyàn dúró. Nínú ìlú yẹn kan náà ni apá kan Element 14, ilé-iṣẹ́ chip míì, wà nígbà tí Broadcom ti Amẹ́ríkà rà á ní 2000, ibẹ̀ ni Icera ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002 tí Nvidia fi rà á ní 2011 ní $367 mílíọ̀nù. Nigel Toon àti Simon Knowles wà lára àwọn tó dá Icera sílẹ̀, àwọn méjì yìí náà ló dá Graphcore sílẹ̀ ní 2016.

Ẹ wá wo Graphcore. Chip fún AI ni wọ́n ń ṣe, wọ́n pè é ní IPU, wọ́n kó memory, ìyẹn ibi tí dátà ń wà, pọ̀ sínú chip fúnra ẹ̀ kó má máa lọ kó dátà wá láti ọ̀nà jíjìn. Dísáìnì ẹ̀ dára, mi ò gbọ́ kí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ kan pè é ní nǹkan yẹpẹrẹ. Owó? Owó rọ̀ bí òjò. Sequoia tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ VC wà níbẹ̀, Microsoft wà níbẹ̀, BMW, Bosch, Samsung, Dell, bíi $700 mílíọ̀nù ni wọ́n kó jọ lápapọ̀, nígbà tó fi máa di December 2020 wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà tó $2.77 bílíọ̀nù. Ó wá di 2022, ọdún táwọn èèyàn ti ń wá chip AI, owó tó wọlé fún Graphcore látorí ọjà títà lódidi ọdún yẹn jẹ́ $2.7 mílíọ̀nù, àdánù wọn lé ní $200 mílíọ̀nù. Ní July 2024 SoftBank rà wọ́n, àwọn kan náà tó ni ARM, wọn ò kéde iye tí wọ́n san. Cambridge àti Bristol, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní Tokyo ni gbogbo ẹ̀ wá bọ́ sí.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Nvidia ti gbé sọ́ọ́fútíwíà CUDA, tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ sórí chip ẹ̀, jáde láti 2007, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ṣẹ́, àwọn olùwádìí fi ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí Nvidia bọ́ sórí chip míì, á tún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló máa ṣe wàhálà yẹn lórí ọjà tuntun? Microsoft gbìyànjú ẹ̀, ó gbé IPU sórí Azure ní 2019, kò dé ibì kan. Toon rọ ìjọba Brítéènì ní 2023 pé nínú owó tí wọ́n fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà ńlá fún AI, kí wọ́n jọ̀ọ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún chip tí wọ́n ṣe nílé. Lọ́dún yẹn kan náà ìjọba kéde £225 mílíọ̀nù fún Isambard-AI, kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé sí Yunifásítì Bristol, ìlú Graphcore gan-an o, chip tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 5,448, Nvidia ló ṣe gbogbo ẹ̀. Mi ò sọ pé àwọn olùwádìí ò nílò ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n nílò ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ chip láti 1978, tí ìjọba ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò ra ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn fún kọ̀ǹpútà yìí, ó dùn mí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi le tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mọ app nìkan á rò pé gbogbo startup bákan náà ni. Tẹ́ ẹ bá kọ sọ́ọ́fútíwíà tó ní àṣìṣe, ẹ tún un ṣe lálẹ́, ó tán. Chip ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa dísáìnì fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ máa san owó fún sọ́ọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń dísáìnì chip, ti Synopsys tàbí Cadence, ẹ máa ra dísáìnì ẹlòmíì kún tiyín, ẹ wá máa ṣe mask, ìyẹn ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá láti ya àwòrán sórí sílíkọ́nì. Ẹ ti rí páànù táwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta máa ń gé bátánì sí kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ gbá a lórí aṣọ? Bí wọ́n bá gé e ní wíwọ́, gbogbo aṣọ tó bá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá á wọ́. Mask nìyẹn, àmọ́ odidi sẹ́ẹ̀tì kan fún chip ìgbàlódé ń jẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, tí àṣìṣe bá wọ inú ẹ̀ ẹ máa tún òmíràn gé, ẹ sì máa dúró fún oṣù díẹ̀ kí TSMC, ilé-iṣẹ́ Taiwan tó ń bá ẹlòmíì tẹ chip, tó tẹ tuntun jáde. Ká ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò lẹ fẹ́ tà á fún, wọ́n á dán an wò fún ọdún bíi méjì sí i. Ẹ wá rántí pé fund VC, ìyẹn àpò owó tí wọ́n kó jọ, kì í sábà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí àwọn tó ni owó tó ní kí wọ́n kó o padà wá. Ẹ ṣèṣirò ẹ̀ fúnra yín, kí chip tó bẹ̀rẹ̀ sí tà, ìdajì ọdún mẹ́wàá yẹn ti lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tètè gbà nígbà tí ará Amẹ́ríkà tàbí Jàpáànù bá ní òun fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ náà.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ò wọ́n ní Yúróòpù, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn. Láti 1995 ni Europractice, ètò Yúróòpù kan, ti ń jẹ́ kí àwọn yunifásítì àti startup jọ pín sílíkọ́nì kan náà kí owó mask má pa ẹnì kan. European Innovation Council lè fún startup ní ẹ̀bùn tó tó €2.5 mílíọ̀nù, kó sì tún fi owó ra ṣíà nínú ẹ̀. Chips Act ti Yúróòpù tó di òfin ní September 2023 ń sọ €43 bílíọ̀nù, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Yúróòpù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà chip ayé ní 2030, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti Yúróòpù fúnra wọn sọ ní 2025 pé bóyá ni yóò kọjá 11.7. Owó ìjọba lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá dáadáa, wọ́n ṣèlérí €9.9 bílíọ̀nù fún Intel ní Magdeburg, Intel ò kọ́ ọ mọ́. Black Semiconductor ní Aachen rí €254.4 mílíọ̀nù ní 2024, ìjọba Jámánì àti ìpínlẹ̀ wọn ló mú €228.7 mílíọ̀nù wá nínú ẹ̀. Owó dára, mi ò bínú owó.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí Yúróòpù ti borí. ASML, Veldhoven, nílẹ̀ Netherlands, Philips àti ASM International ló dá a sílẹ̀ ní 1984. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ EUV, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí, ya chip, ayé ò ní ẹlòmíì tó ń ṣe é. Nígbà tí EUV ń fi wọ́n ṣe wàhálà tí owó sì ń wọlẹ̀, ní 2012 wọ́n lọ bá àwọn tó máa ra ẹ̀rọ náà. Intel ra ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, TSMC 5, Samsung 3, €3.85 bílíọ̀nù, wọ́n tún fi €1.38 bílíọ̀nù lélẹ̀ fún ìwádìí. Àwọn wọ̀nyí ò retí kí wọ́n tètè ta ṣíà jèrè, ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n ń dúró dè, torí bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dúró. 2019 ni fóònù tí wọ́n fi EUV ya chip ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́jà. Ọdún méje! VC wo ló máa fara dà á?

Arábìnrin kan dìde bi mí pé ṣé kò wá sí ìrètí fáwọn kéékèèké ni. Ó wà, mo sì rò pé ibi tó tọ́ láti wò ni EuroHPC, àjọ tó ń ra kọ̀ǹpútà ńlá fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Wọ́n fún Axelera AI ti Eindhoven ní owó tó lè tó €61.6 mílíọ̀nù ní 2025 láti ṣe chip kan tí wọ́n pè ní Titania. SiPearl ní ilẹ̀ Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ń ṣe Rhea1, dísáìnì ARM ló wà nínú ẹ̀, TSMC ni wọ́n gbé e fún láti tẹ̀, wọ́n sì ti yan àyè fún un nínú JUPITER, kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní Jülich nílẹ̀ Jámánì, kí chip náà tó jáde rárá. Ó ti pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, apá JUPITER tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí i ní September 2025, Nvidia ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àyè Rhea1 ṣì wà nígbà yẹn, wọn ò fún ẹlòmíì, ìyẹn sì ni Graphcore ò rí gbà ní Bristol.