Ìgò kan, ìṣẹ́jú 30: bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé táǹkì omi ìdọ̀tí yín ń ṣiṣẹ́

Ẹ káàbọ̀ o. Nínú táǹkì yìí, kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́, àwa kàn ń tọ́jú wọn ni. Omi ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀, omi ilé ìdáná, ìdọ̀tí inú gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n bá ti rí afẹ́fẹ́ tó.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí. Ẹ má sì wọ inú táǹkì láé, gáàsì tó ń kóra jọ síbẹ̀ lè pààyàn.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táǹkì. Ẹ wo bí omi ṣe ń ru. Ó yẹ kó rí bákan náà káàkiri. Tí apá kan bá dákẹ́, nǹkan ti dí ihò atẹ́gùn nísàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló yẹ kó rí. Tí omi bá dúdú, tó sì ń rùn burúkú, afẹ́fẹ́ ò tó nìyẹn. Asẹ́ ara ẹ̀rọ atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, eruku máa ń dí i.

Ó wá ku ìgò. Ìgò oníwọ̀n lítà 1 ni, kó mọ́ gaara. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ru omi lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó bù ú. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò sí, ẹ má mì í, kó dúró fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹ wò ó báyìí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìyẹn àwọn kòkòrò yẹn àti ìdọ̀tí, ń so pọ̀, ó ń rọra lọ sílẹ̀, omi òkè ti ń tòrò. Ojú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí dúró sí mílílítà 350. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kọjá 500, ẹ máa múra àtifa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò nínú táǹkì. Tó bá fi máa dé 700, ó ti pẹ́ jù lójú tèmi. Àmọ́ ẹ má fà á tán o, àwọn òṣìṣẹ́ yín lẹ̀ ń kó dànù yẹn! Tí kò bá tó 100, kòkòrò ò tíì pọ̀. Táǹkì tuntun máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìfófó funfun á sì bo ojú rẹ̀. Ẹ ní sùúrù.

Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀ bá tún léfòó lẹ́yìn wákàtí bíi méjì, ẹ má jáyà. Gáàsì naitirójìn ló gbé e sókè.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn ará ilé: wọn ò gbọ́dọ̀ da ògidì bílíìṣì tàbí òróró síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń rìnrìn àjò, ẹ má pa ẹ̀rọ atẹ́gùn. Ẹ da omi inú ìgò padà sínú táǹkì, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà náà àti ọjọ́ sínú ìwé.