Sọ́fè Ilẹ̀ Kì í Ṣe Àyẹ̀wò Ilé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé ní Èkó

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ní Èkó. Tí ẹ bá bi ẹni tó fẹ́ ra ilé pé, “Ṣé ẹ ti ṣe sọ́fè?”, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ sọ́féyọ̀ ló ní lọ́kàn, èyí tó ń fi igun ilẹ̀ hàn, tí lọ́yà ti gbé lọ sí Alausa láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń sọ. C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún onílẹ̀, kò mọ iye rọ́ọ̀dù tó wà nínú dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tó wà láàárín àjà kan sí èkejì. Ìwé lè mọ́ kedere lórí ilé tó ti ń kú lọ.

Àyẹ̀wò ilé fúnra rẹ̀, láti ìdí ìpìlẹ̀ dé orí páànù, la fẹ́ sọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọ kéékèèké sì kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ẹ̀mí tó lé ní 40 sì lọ. Èyí tó ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ ni pé ilé tí ènìyàn ti ń gbé kì í sábà wó láìjẹ́ pé ó ti ń fi àmì hàn tẹ́lẹ̀. Kí ẹnìkan tó mọ àmì náà wá wò ó ni kì í ṣẹlẹ̀.

Ta ni kí ẹ pè? Ẹnjiníà tó mọ̀ nípa agbára ilé, tí COREN, àjọ tó ń darí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Sọ́féyọ̀ tó ń díye lé ilé yóò sọ iye tí ilé ń mú lọ́jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìlera ilé. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ lè rí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè ṣírò bóyá bíìmù tó wà níbẹ̀ lè gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ san owó ẹnjiníà, kí ìròyìn rẹ̀ sì jẹ́ ní orúkọ yín. Ẹni tí ajẹ́ǹtì bá mú wá, ajẹ́ǹtì ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Kí ẹnjiníà tó gbé òòlù, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé mẹ́ta: pémíìtì ìkọ́lé tí LASPPPA (àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní pémíìtì) fún wọn, àwòrán ilé tó bá a lọ, àti ìwé tí LASBCA (àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́) fi ń jẹ́rìí pé ilé ti parí, ó sì yẹ fún gbígbé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dúró níta, kí ẹ ka àjà. Bí pémíìtì bá sọ pé àjà méjì, tí ẹ sì ka mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àjà méjì kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé méjì mìíràn lé e. Àmì rẹ̀ kì í ṣòro láti rí: búlọ́ọ̀kù òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, fèrèsé òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, tàbí kí òpó òkè dúró sí àárín bíìmù láìsí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Rọ́ọ̀dù tó yọrí sókè lórí dẹ́kìn tó kẹ́yìn, tó ti dógùn-ún, ń sọ pé onílé ṣì ní in lọ́kàn láti gbé òmíràn lé e. Ilé tí kò ní pémíìtì rárá, ẹ má fi ìlérí pé “a máa ṣe é” rà á.

Ilẹ̀ Èkó kò rí bákan náà. Ní Ìkẹjà, Ògbà àti Àgége, ilẹ̀ pupa líle ló wọ́pọ̀. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí Ìwáyà, Màkókò, etí ọ̀sà ní Bárígà, àti apá kan Sùúrùlérè, ibi púpọ̀ jẹ́ àbàtà tí wọ́n da iyanrìn lé lórí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iyanrìn lè wà lókè, kí amọ̀ dúdú rírọ̀ tó kún fún ewé jíjẹrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sún kì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí gbogbo ilé bá jọ rì bákan náà, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbà tí apá kan bá rì ju èkejì lọ ni ògiri ń ya.

Nítorí náà, kí wọ́n gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mítà kan níbùú àti lóòró, títí wọn yóò fi kan ìdí ìpìlẹ̀. Ibi méjì ló kéré jù: igun tí ògiri ti sán, àti igun tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni bí ìpìlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe nípọn tó, bóyá rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, irú yẹ̀pẹ̀ tó jókòó lé, àti ibi tí omi ti ń sun. Ìkìlọ̀ kan wà níbí o: kí wọ́n má gbẹ́ kọjá ìdí ìpìlẹ̀, kí wọ́n má sì ṣí ògiri kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Iyanrìn tó ti rin fún omi máa ń yọ̀ kúrò lábẹ́ ilé. Láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kóònù irin ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tì wọ ilẹ̀, wọ́n á sì máa ka agbára tí ilẹ̀ fi ń dá a padà bó ṣe ń wọlé.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi tó lanu ló léwu. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn lójú pílásítà sábà máa ń jẹ́ pé oòrùn ti yára gbẹ ẹ́ jù. Ìlà tó dúró ṣánṣán níbi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé òpó, ohun méjì tí kì í sún kì bákan náà ló fà á. Èyí tó gbọ́dọ̀ dá yín dúró ni ìlà tó ń gun ògiri bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn. Ìpìlẹ̀ tó ń sún ló sábà máa ń fà á. Ẹ wo ibi tó ti fẹ̀ jù: bó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ìkángun ilé máa rì, bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀, àárín ló ń rì. Lábẹ́ bíìmù, ìlà tó dagun nítòsí òpó léwu ju èyí tó dúró ṣánṣán ní àárín lọ, nítorí pé irú bíìmù bẹ́ẹ̀ lè já láìkìlọ̀ mọ́.

Kí wọ́n wọn ìlà náà, kí wọ́n má fojú díwọ̀n. Lára ògiri, èyí tí kò tó milimítà kan, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá ti kọjá milimítà márùn-ún, ilẹ̀kùn á ti máa há, omi òjò á ti máa wọlé, ìwádìí gidi ló kàn. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń rìn, wọ́n á fi POP lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kan mọ́ orí ìlà náà, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i lára, wọ́n á sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí gíláàsì bá ti fọ́, ilé ṣì ń rìn. Ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, tí wọ́n sì kun nìkan nínú gbogbo ògiri, kí wọ́n há a. Wọ́n fi ọ̀dà yẹn bo nǹkan ni.

Kọnkéré ló gba sùúrù jù. Òòlù Schmidt ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò: irin inú rẹ̀ á lu ojú kọnkéré, á sì fò padà, bó ṣe fò padà tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ há pílásítà kúrò kọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pílásítà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kí wọ́n lu ibi mẹ́wàá ní ojúkò kan, kí àlàfo àárín wọn má dín ní sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, kí wọ́n sì mú ìpíndọ́gba wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí lè parọ́. Ojú kọnkéré àtijọ́ máa ń le nígbà tí inú rẹ̀ kò dára. Nítorí náà, fún òpó àti bíìmù tó ṣe kókó, kí wọ́n gé kọ́ọ̀ jáde, ìyẹn ègé kọnkéré róbótó tó sábà máa ń fẹ̀ tó 100 milimítà, kí wọ́n sì gbé e lọ fọ́ ní ilé àyẹ̀wò. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ wá ibi tí rọ́ọ̀dù wà kí wọ́n tó lu, kí wọ́n má baà gé e.

Ẹ wá wo èyí dáadáa. Ẹnjiníà á fi ìṣó gígé àti òòlù ṣẹ́ díẹ̀ lára igun òpó, á fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò, á sì fọ́n kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní phenolphthalein sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Lójú ẹsẹ̀, ibi tó bá ní agbára sìmẹ́ǹtì tó ń dáàbò bo irin á pọ́n bí omi zobo. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ agbára yẹn tán kò ní yí àwọ̀ rárá. Ẹ wọn bí ibi tí kò yí àwọ̀ ṣe jìn tó. Bó bá ti dé ara rọ́ọ̀dù, irin náà ti wà ní ìhòòhò. Ọ̀rinrin díẹ̀ ló kù kó dógùn-ún. Irin tó dógùn-ún máa ń wú ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ìwúsókè yìí ló ń ti kọnkéré já bọ́ lábẹ́ dẹ́kìn tí ẹ fi ń rí irin lókè orí yín. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ọ̀tá kejì wà: iyọ̀, láti inú iyanrìn òkun tí wọn kò fọ̀, tàbí láti inú afẹ́fẹ́ etí òkun. Iyọ̀ lè jẹ irin níbi tó ṣì ń pọ́n. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ní kí ilé àyẹ̀wò wọn iyọ̀ inú kọnkéré pẹ̀lú.

Ìdí tí irin fi ń yára dógùn-ún ní ilé púpọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń da dẹ́kìn, wọn kò fi bísíkíìtì, ègé kọnkéré kékeré tó ń gbé rọ́ọ̀dù kúrò lára pákó, sábẹ́ rọ́ọ̀dù. Orí pákó ni rọ́ọ̀dù jókòó sí, kọnkéré tó bò ó kò sì tó sẹ̀ǹtímítà kan, nígbà tó yẹ kó tó méjì àbọ̀ ní bíìmù. Kí wọ́n fi kálípà wọn rọ́ọ̀dù tó bá yọjú pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n pè ní 16, tó wá jẹ́ 14, ti pàdánù agbára tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ti búlọ́ọ̀kù, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ fi ha ibi tí kò ní pílásítà. Tó bá ń dà sílẹ̀ bíi gààrí, wọ́n ti na àpò sìmẹ́ǹtì kan jìnnà jù.

Omi ló tún kù. Ẹ lọ wo ilé náà lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, kí ẹ tún padà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rinrin tó gùn ògiri ìsàlẹ̀ tó mítà kan, tí iyọ̀ funfun sì ń yọ lójú rẹ̀, ilẹ̀ ló ti ń fà á bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ German floor, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Àwọn kan máa ń lẹ táìlì bo irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹyọ owó gbá a, ibi tí ohùn rẹ̀ bá ṣófo, ó ti ń ṣí. Nínú balùwẹ̀ òkè, kí wọ́n dí ojú ihò omi, kí wọ́n da omi sí i tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹnìkan lọ wo àjà yàrá ìsàlẹ̀. Gọ́tà kọnkéré tó fara pamọ́ sẹ́yìn parapet (ògiri kúkúrú tó yí orí ilé ká) náà nílò irú ìdánwò yìí, nítorí ibẹ̀ ni òjò Èkó ti ń ba ilé jẹ́ jù.

Sókawéè àti kànga ẹ̀rọ yẹ kó jìnnà síra wọn tó mítà 30. Pulọ́ọ̀tì 60 nípa 120 ẹsẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 18 nípa 36 lọ, nítorí náà sókawéè aládùúgbò lè sún mọ́ kànga yín ju tiyín lọ. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò kòkòrò. Fún orí ilé, kẹ́nìkan gun òkè lọ wo igi bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Síílìǹgì àtijọ́ tó jẹ́ asbestos, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ú tàbí fọ́ ọ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Iná: ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́tírísíànì yẹ wáyà ilẹ̀ (earth) wò, kó sì rí i pé wáyà AC kì í ṣe wáyà gílóòbù.

Tó bá jẹ́ fúláàtì lẹ fẹ́ rà, ẹ má yẹ fúláàtì yẹn nìkan wò. Ní àwọn ẹ̀sítéètì tí ìjọba Jakande kọ́ láàárín 1979 sí 1983, àti níbòmíràn, ẹni ìsàlẹ̀ lè ti wó ògiri tó gbé òkè dúró kó lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù yín ló wà lórí ògiri yẹn.

Ìròyìn tí ẹ óò gbà gbọ́dọ̀ ní àwòrán, ibi tí àìsàn wà, ohun tó fà á, ohun tí àtúnṣe rẹ̀ yóò ná yín, àti ibi tí wọn kò lè ṣí wò. Ẹ fi iye àtúnṣe náà dúnàá-dúrà. Ìpìlẹ̀ tó ń sún àti òpó tí kọnkéré rẹ̀ kò tó 20 N/mm² (ìwọ̀n agbára kọnkéré tí ilé àyẹ̀wò máa kọ sílẹ̀), ẹ̀dínwó kò ṣe nǹkan kan fún un; ẹ fi ilé náà sílẹ̀. Kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó àsansílẹ̀ yóò padà bí àyẹ̀wò bá burú, kẹ́ ẹ sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Onílé lè kọ̀ pé ẹ kò ní gbẹ́ ilé òun. Ẹ kọ ìwé fún un pé ẹ ó tún ibi gbogbo tí ẹ bá ṣí ṣe. Kí wọ́n fi kọnkéré tí kì í sún kì dí ihò kọ́ọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n máa da yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò ní ìpele-ìpele, kí wọ́n sì máa gún ìpele kọ̀ọ̀kan kì. Ilé rẹ̀ ṣì ni títí ẹ ó fi san owó.